Ìgbà Wo Ló Dára Jù Láti Lọ sí Chinatown ní London?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lọ sí Chinatown, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní London, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì búra pé àwọn ò ní padà débẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní èrò ń tì àwọn síwá sẹ́yìn, àwọn dúró lórí ìlà fún wákàtí kan gbáko kí àwọn tó rí àga, oúnjẹ ò sì tíì dà nínú àwọn tí wọ́n ti ń gbé owó tí àwọn máa san wá. Bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì lọ síbi kan náà, ó jẹun ní ìrọ̀rùn, ó ya fọ́tò tó wu ojú, ó ra ẹrù ilé, ó sì dé ilé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àdúgbò náà ò yí padà. Wákàtí tí oníkálukú wọn lọ ló yàtọ̀.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn èèyàn máa ń béèrè "ìgbà tó dára jù" bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó fẹ́ wo ijó kìnnìún tí wọ́n ń jó ní ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ẹni tó fẹ́ jẹun, ẹni tó fẹ́ ra ọjà, ẹni tó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá gba atẹ́gùn, ìgbà tiwọn ò lè jẹ́ ìkan náà. Kódà, ọjọ́ tó dára jù fún ijó gan-an ló burú jù fún oúnjẹ. Ẹni tó bá mọ ìyẹn nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà.

Ibi kékeré ni

Chinatown London wà ní àárín gbùngbùn ìlú, láàárín Shaftesbury Avenue àti Leicester Square. Gerrard Street ni òpópónà rẹ̀ gan-an. Lisle Street wà lẹ́yìn rẹ̀, Wardour Street wà lápá kan, Newport Place àti Newport Court sì wà lápá kejì. Ẹni tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ lè yí gbogbo rẹ̀ ká láàárín ìṣẹ́jú 15. Kíkéré tó kéré yìí ló ń fa ìnira: èrò tí ò ní hàn rárá ní Oxford Street lè fún Gerrard Street pa.

Ẹni tó bá mọ Chinatown ti Ọ̀jọ́tà ní Èkó, èyí tó ní ògiri pupa gàgàrà, kó má ṣe fi ojú ìyẹn wo ti London. Ọgbà ìtajà ni ti Ọ̀jọ́tà. Ìgboro lásán ni ti London, kò sí owó ìwọlé, kò sí ìgbà tí wọ́n ń tì í. Géètì ńlá aláwọ̀ mèremère tó wà ní Wardour Street, tí wọ́n parí ní ọdún 2016, ọ̀ṣọ́ ni, abẹ́ rẹ̀ làwọn èèyàn ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru.

Ibí kọ́ làwọn ará Ṣáínà kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí ní London. Atukọ̀ ni àwọn àkọ́kọ́, Limehouse ní ìlà-oòrùn ìlú ni wọ́n ń gbé, nítòsí èbúté. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ba Limehouse jẹ́ gan-an. Lẹ́yìn ogun, láti àwọn ọdún 1950 lọ, àwọn tó ń ti Hong Kong bọ̀ rí i pé owó ilé ní Gerrard Street ò tíì wọ́n, wọ́n sì ń ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìyá wọn tó ní ilé oúnjẹ káàkiri àwọn ìlú kéékèèké England wá sọ ibẹ̀ di ibùdó ọjọ́ Àìkú: wọ́n á kó ìyàwó àti ọmọ wá, wọ́n á jẹun, wọ́n á ra ẹrù, wọ́n á kí ojúlùmọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tiwa náà ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra iṣu àti ẹja gbígbẹ ní Peckham. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú fi jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí níbẹ̀ títí dòní. Tábìlì rọ̀bọ̀tọ̀ ńlá tó ń gba èèyàn mẹ́wàá, àwọn ìdílé wọ̀nyẹn ni wọ́n ń tò ó dè. Èèyàn méjì tó bá já wọlé ní agogo 1 ọ̀sán ọjọ́ Àìkú á dúró pẹ́.

Kí ló dé tí ọdún tuntun wọn ò dúró lójú kan?

Ìbéèrè tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù nìyí. Ẹni tó gbọ́ pé 29 Jánúárì ni ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ní 2025, tó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Èkó sí ọjọ́ yẹn gan-an ní 2026, á bá Gerrard Street tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí 17 Fẹ́búárì ni ti 2026.

Ẹni tó bá ń ṣe Iléyá ti mọ ìdajì ìdí rẹ̀: òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Oṣù tí òṣùpá ń kà jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30. Méjìlá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún tí oòrùn ń kà. Àwọn Mùsùlùmí fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni Iléyá fi máa ń tètè dé ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún, títí yóò fi yí gbogbo ọdún po, láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́. Àwọn ará Ṣáínà ò fi tiwọn sílẹ̀. Bí àlàfo yẹn bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fi odindi oṣù kan kún ọdún náà, á wá di olóṣù mẹ́tàlá. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ń ṣe é láàárín ọdún 19. Nítorí náà ọdún tuntun wọn kì í jáde kúrò nínú ọgbà tí wọ́n ṣe fún un: kì í ṣáájú 21 Jánúárì, kì í sì í kọjá 20 Fẹ́búárì.

Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Wọ́n fi oṣù kan kún ọdún wọn ní 2025, ìyẹn ló jẹ́ kí ọdún tuntun fò láti 29 Jánúárì lọ sí 17 Fẹ́búárì ní 2026. Ní 2027, ó fi ọjọ́ 11 padà sẹ́yìn, ó di 6 Fẹ́búárì. Ní 2028, ó tún fi 11 padà, ó di 26 Jánúárì. Bó bá tún padà lẹ́ẹ̀kẹta, á jáde nínú ọgbà. Wọ́n á tètè fi oṣù kan dí i nínú ọdún 2028, ti 2029 á sì bọ́ sí 13 Fẹ́búárì. Ẹni tí ò ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ lè fojú bù ú báyìí: bí ti èṣí bá wà nínú Fẹ́búárì, yọ nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrò, bó bá wà nínú Jánúárì, fi ọjọ́ 18 tàbí 19 kún un. Ó lè fi ọjọ́ kan yẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣì yín lọ́nà jìnnà.

Ọjọ́ ọdún yàtọ̀ sí ọjọ́ àríyá

Àṣìṣe kejì rèé. Ọjọ́ tí ọdún bọ́ sí kọ́ ni London ń ṣe àríyá ńlá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n sábà máa ń mú, kí àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ ilé ìwé lè ráyè. Ní 2024, ọjọ́ Àbámẹ́ta 10 Fẹ́búárì ni ọdún, 11 Fẹ́búárì ni àríyá. Ní 2025, Ọjọ́rú 29 Jánúárì ni ọdún, 2 Fẹ́búárì ni àríyá. Ẹgbẹ́ àwọn ará Chinatown fúnra wọn, London Chinatown Chinese Association, ló ń ṣètò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ dúró kí wọ́n kéde ọjọ́ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọwọ́ yín bá ń yún yín, ẹ ra èyí tó máa jẹ́ kí ẹ wà ní London láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọdún títí di ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò lè pàdánù rẹ̀.

Ìwọ́de máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ní nǹkan bí agogo 10, láti Trafalgar Square gba Charing Cross Road àti Shaftesbury Avenue. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí ìtàgé Trafalgar Square ń gbóná láti ọ̀sán títí dìrọ̀lẹ́, tí àwọn kìnnìún sì ń wọ inú Chinatown lọ kí àwọn ọlọ́jà.

Ẹ má ṣe pe kìnnìún ní dírágónì o. Dírágónì gùn gbọọrọ, èèyàn púpọ̀ ló ń fi ọ̀pá gbé e sókè, a sì ń rí gbogbo wọn kedere lábẹ́ rẹ̀. Kìnnìún ní èèyàn méjì nínú, ọ̀kan di orí mú, èkejì tẹ̀ kọ̀ọ̀kọ̀ sẹ́yìn, aṣọ bò wọ́n. Kìnnìún ló ń dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Onílé oúnjẹ á ti so odindi ewé lẹ́tùsì kan rọ̀ sókè ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àpò ìwé pupa tí owó wà nínú rẹ̀. Ìlù á máa dún kíkankíkan, kìnnìún á sún mọ́ ewé náà, á gbóòórùn rẹ̀, á ta fìrì sẹ́yìn bí ẹni tẹ́rù ń bà, á tún sún mọ́ ọn. Lójijì á nàró gbọnrangandan, á já a gbà. Ẹni tó wà lórí á na ọwọ́ gba ẹnu kìnnìún, á yọ owó, á fa ewé ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á sì fọ́n ọn dà sórí àwọn èrò. Ní èdè Cantonese tí wọ́n ń sọ ní Hong Kong, orúkọ lẹ́tùsì fara jọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí owó máa hù jáde. Ẹni tí ewé náà bà lé léjìká kó má gbọ̀n ọ́n nù pẹ̀lú ìbínú, ire ni wọ́n fọ́n sí i.

Ìran tó yẹ kí ọmọ rí ni, kò sì yẹ kí ẹ̀rù èrò gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí a ṣe ń ṣe é ni kí ẹ jẹun kánú nílé. Kó tó di agogo 9 ààbọ̀, ẹ ti dúró ní Charing Cross Road tàbí Shaftesbury Avenue, ní etí ọ̀nà gan-an, kí àwọn ọmọ wà níwájú. Ẹ wo ìwọ́de tán. Bí ẹ bá fẹ́ rí kìnnìún níbi ewé lẹ́tùsì, ẹ wọ Gerrard Street kó tó di ọ̀sán, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì, kí ẹ sì jáde. Láti agogo 1 sí agogo 4 ni èrò ń dì pọ̀ tí ẹsẹ̀ ò ní lè gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò lè sọ òpópónà náà di àlọ nìkan, ẹni tó bá fẹ́ padà á lọ yípo. Kẹ̀kẹ́ ọmọ di ìyà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ pọn ọmọ. Agbòjò náà kò dára, ojú ẹlòmíì ló máa gún. Kóòtù òjò ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ má sì ṣe ronú láti jẹun níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àwọn ilé oúnjẹ kan kì í jẹ́ kéèyàn gba ààyè sílẹ̀, àwọn mìíràn á gé àkójọ oúnjẹ wọn kù sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n lè tètè sè, kí wọ́n lè máa fi èrò kan lé èrò kejì. Alásè kan náà tó ń se oúnjẹ aládùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó gbogbo rẹ̀.

Tíátà ni aago Chinatown

Ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọdún, ohun tó ń darí èrò níbẹ̀ ni àwọn tíátà ńláńlá tó yí i ká. Ọ̀pọ̀ eré alẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo 7 ààbọ̀. Gbogbo àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ jẹun kí wọ́n tó wọlé, nítorí náà láti agogo 5 kọjá díẹ̀ títí di agogo 7, gbogbo ilé oúnjẹ kún, àwọn tó ń gbé oúnjẹ sì ń sáré. Tó bá ti di agogo 7 ààbọ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí ìdérí ìkòkò ni: àga á ṣófo lójijì. Ẹni tí kò bá ní eré tó ń lọ wò, tó bá lè fi ebi pamọ́ di agogo 7:40, á jókòó láìdúró, kódà ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó bá di agogo 10, eré á tú, ìlà á tún gùn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Eré ọ̀sán náà wà, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀pọ̀ jù, ní nǹkan bí agogo 2 ààbọ̀. Ìyẹn ló ń mú kí oúnjẹ ọ̀sán Ọjọ́rú le ju ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ.

Láàárọ̀, ní agogo 8 sí agogo 11, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wọ Gerrard Street láti já ẹrù sílẹ̀: páálí ẹ̀fọ́, àpò ìrẹsì, yìnyín ẹja. Kò tíì sí ilé oúnjẹ púpọ̀ tó ṣí, ṣùgbọ́n wákàtí yìí ni kí ayafótò lọ, nítorí èèyàn ò tíì dí ojú àwọn géètì àti àtùpà pupa. Àwọn ilé oúnjẹ ń ṣí láàárín agogo 11 sí 12. Ìgbà yẹn náà ni pẹ́pẹ́yẹ sísun tó ń dán yòò ń bọ́ sórí ìkọ́ lójú fèrèsé. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Pẹ́pẹ́yẹ tó ti rọ̀ níbẹ̀ títí di agogo 9 alẹ́, awọ rẹ̀ ò ní ké mọ́.

Dim sum ni ọ̀pọ̀ ń pàdánù nítorí wákàtí. Oúnjẹ ọ̀sán àwọn ará Guangdong ní gúúsù Ṣáínà àti Hong Kong ni, tíì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́: edé tàbí ẹran gígé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, tí wọ́n fi ooru sè nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun kékeré. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń dá a dúró ní nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó dé ní agogo 7 alẹ́ tó ń béèrè rẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n máa gbé fún un, èyí tó wọ́n jù ú lọ. Agogo 11:45 sí 12:30, láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, ni kí ẹ jókòó. Apẹ̀rẹ̀ kan sábà ń ní ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èèyàn méjì ò nílò ju apẹ̀rẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, pẹ̀lú àwo ìrẹsì tàbí núdù kan. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé mẹ́ta wá, kí ẹ tún pe ìyókù, nítorí tí gbogbo rẹ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, á tutù. Bí tíì bá tán, ẹ kàn yí ìdérí ìkòkò tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́, olùgbóúnjẹ á rí i, á wá pọn omi gbígbóná sí i. Kí ẹ tó fún wọn ní owó ọpẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé owó dáadáa, wọ́n sábà ti fi nǹkan bí 12.5% kún un.

Ìgbà tí a ó mú bí ẹ bá ní ká mú ọ̀kan

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lọ, ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣáájú ọdún tuntun wọn ni kí ẹ mú, láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, kí ẹ dé ní agogo 3 ààbọ̀ ọ̀sán. Ìdí wà fún gbogbo rẹ̀. Èrò oúnjẹ ọ̀sán ti túká, ti tíátà ò tíì dé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ti kún fún ọjà ọdún: àpò ìwé pupa, ọsàn wẹ́wẹ́ tó ṣì ní ewé lára, àkàrà ìrẹsì dídùn tí wọ́n ń pè ní nian gao. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń ra ọjà ọdún, ẹ ó rí àdúgbò náà bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn. Ní ìparí Jánúárì àti ìbẹ̀rẹ̀ Fẹ́búárì, oòrùn London ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo 5. Àtùpà pupa tí wọ́n so kọ́ láti òrùlé kan sí èkejì á máa tàn nígbà tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró, òpópónà ò sì tíì kún. Ní Júùnù, oòrùn kì í wọ̀ títí di agogo 9 kọjá. Ẹni tó fẹ́ rí àtùpà ní Júùnù á dúró di ìgbà tí àwọn oníwòran tíátà ń tú jáde. Òtútù lẹ máa fi san án, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti fìlà. Ká sòótọ́, òtútù ló ń lé èrò lọ fún yín.

Àwọn ọjọ́ mìíràn tó ní ìtumọ̀

Àjọ̀dún òṣùpá máa ń wáyé ní Sẹ̀tẹ́ńbà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ́kítóbà; 25 Sẹ̀tẹ́ńbà ni ti 2026, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà ni ti 2027. Mooncake ni oúnjẹ rẹ̀, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó wúwo, wọ́n tẹ ọnà sí i lórí, wọ́n sì máa ń fi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ sí àárín rẹ̀ láti dúró fún òṣùpá. Bí oṣù kan kó tó di ọjọ́ náà ni páálí rẹ̀ ti ń dé orí àtẹ. Ẹ gé e sí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ẹnì kan kì í jẹ odindi tán. Ojú ọjọ́ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà yẹn, ọmọ ti padà sí ilé ìwé, nítorí náà ọ̀sán àárín ọ̀sẹ̀ dára gan-an.

Ní ìparí Méè tàbí nínú Júùnù, lọ́jọ́ àjọ̀dún ọkọ̀ ojú omi dírágónì, 19 Júùnù ní 2026, wọ́n ń ta zongzi: ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n fi ewé ọparun pọ́n, tí wọ́n fi okùn dì, tí wọ́n sì sè. Ẹni tó mọ mọ́ínmọ́ín eléwé á mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Kì í sí ìwọ́de ní Gerrard Street lọ́jọ́ náà, ẹ lọ nítorí oúnjẹ ni.

Àwọn ìgbà tó yẹ ká sá fún: gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti àárín Nòfẹ́ńbà títí di Kérésìmesì, pàápàá ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì, àti ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìwọ́de Pride, ti àwọn LGBT, bá wáyé nítòsí ìparí Júùnù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Júláì, tí wọ́n ń dí àwọn ọ̀nà àyíká Soho, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chinatown. Bí wọ́n bá ń ṣe àfihàn fíìmù tuntun ní Leicester Square, irin ni wọ́n fi ń dí ibẹ̀. Ẹ gba Charing Cross Road wọlé.

Ọjọ́ Kérésìmesì yẹ kó dá dúró. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ London ń tì ní 25 Dìsẹ́ńbà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ti Chinatown ń ṣí. Àmọ́ kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan lọ́jọ́ náà ní gbogbo London. Èyí ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí a lè ní kí ẹ gbé mọ́tò lọ, nítorí owó ìwọ̀lú àárín London àti owó èéfín ọkọ̀ méjèèjì ò sí lọ́jọ́ náà. Ẹ pè ṣáájú kí ẹ gba ààyè.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ nílé. Inú ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọ̀lú ni Chinatown wà. Láti Jánúárì 2026, £18 ni lójúmọ́, láti agogo 7 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, agogo 12 sí 6 ní òpin ọ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀sì 12 láti Peckham àti 453 láti Deptford àti Old Kent Road ń gba Trafalgar Square àti Piccadilly Circus kọjá, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Bí ẹ bá mú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọ dání, ẹ má ṣe sọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ (tíúbù) ti Leicester Square tàbí Piccadilly Circus, àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀. Ibùdó Tottenham Court Road ní ẹ̀rọ agbéniròkè láti pèpéle dé ojú títì. Ẹni tó ń bọ̀ láti Woolwich tàbí Abbey Wood á wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line lọ síbẹ̀ tààrà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Lọ́jọ́ àríyá pẹ̀lú, ibẹ̀ náà ló dára jù, kí ẹ gba inú Soho bọ̀.

Owó tíúbù máa ń gbówó lórí láàárín agogo 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí Ẹtì. Ẹni tó bá ń ti àárín ìlú padà sílé ní agogo 5 ààbọ̀ á san èyí tó wọ́n. Bọ́ọ̀sì ò ní irú ìyẹn, iye kan náà ni tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́.

Fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e wá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ohun tí orúkọ rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀: siu mai, irú dim sum kan, tí wọ́n pè ní ti edé sábà ń ní ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú, omi ọbẹ̀ núdù lè jẹ́ ti egungun ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹ̀fun mooncake àtijọ́ sì ní ọ̀rá rẹ̀. Ẹ wá ilé oúnjẹ tó gbé ìwé ẹ̀rí hàláálì kọ́ síta, kí ẹ sì ka ara páálí mooncake kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí edé, ẹran inú ìkarawun òkun tàbí ẹ̀pà kì í bá lára mu kó sọ ọ́ ketekete fún olùgbóúnjẹ, nítorí ọbẹ̀ oyster (ẹran inú ìkarawun òkun) tí wọ́n ń dà sórí ẹ̀fọ́ kì í hàn lójú.

Àwọn Mùsùlùmí ní ohun kan láti kíyè sí nípa àríyá ọdún tuntun fún ọdún mélòó kan yìí. Nítorí pé òṣùpá tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀ oṣù àwọn méjèèjì, ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà àti ìbẹ̀rẹ̀ Ramadan ń tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí ní 2026, 2027 àti 2028, ọjọ́ kan tàbí méjì ló ń wà láàárín wọn. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú àríyá bá bọ́ sínú ààwẹ̀, ẹ lọ wo ìwọ́de láàárọ̀ nígbà tí agbára ṣì wà, ẹ padà sílé, ẹ má dúró nínú èrò títí di ìṣínu. Ní 2029, àwọn ará Ṣáínà á ti fi oṣù kan kún tiwọn, Ramadan á ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àárín Jánúárì, ọdún tuntun wọn á sì dé nígbà tí ààwẹ̀ bá ń parí.